Ìwé àlòkù ₦1,200 tí mo rà ní Kàbbà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé àlòkù ní Kàbbà, kó gbọ́ tèmi ná.

₦2,000 ni ọmọkùnrin tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo ná an títí ó fi gbà fún ₦1,200. Ìtàn àwọn mínísítà tó sin ọba ilẹ̀ Faransé ló wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí Richelieu tó di olórí mínísítà lọ́dún 1624. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì ń rùn bí àpò èlùbọ́ tí òjò wọ̀. Lẹ́tà inú rẹ̀ tín-ín-rín, àfi kí n gbé àga lọ síta kí n tó rí i kà. Ti Richelieu ti gùn jù, ogun lórí ogun. Mo fò ó.

Ṣùgbọ́n Fouquet! Iṣẹ́ kaṣíà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ owó onílé ò ṣàjèjì sí mi. Láti 1653 ni owó ọba ti wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àmì ìdílé rẹ̀. Colbert tó ń tọ́pa ìwé owó rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ejò ni tirẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá àwọn ọmọ fi jáde wá wò mí. Ní Oṣù Kẹjọ 1661 ni Fouquet wá pe ọba, Louis Kẹrìnlá, sí àsè nílé tuntun tó kọ́ sí Vaux-le-Vicomte: omi ń tú sókè, iná ń bú gbàù lójú sánmà, oúnjẹ rẹpẹtẹ. Ọ̀gá wa kan náà ra mọ́tò tuntun rí, lóṣù tí a ò rí owó oṣù gbà. Ojú tí gbogbo wa fi wo mọ́tò yẹn, mo mọ̀ pé òun náà ni ọba fi wo ilé Fouquet.

Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí ọba pé ọmọ ọdún 23 gan-an, ni wọ́n mú Fouquet nílùú Nantes. Ibẹ̀ ni ojú ewé 98 parí sí. Mo ṣí i, 115 ni mo bá! Colbert ti jókòó ti owó. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló ti já dànù.

Mo gbé e padà lọ. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àlòkù ò ní gáráńtì." Ó fún mi ní báírò méjì.

Ọmọ mi tó wà ní Lọ́kọ́ja ló bá mi wá ìyókù lórí fóònù. Ọdún mẹ́ta ni ẹjọ́ náà gbà. Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú, ọba ní rárá, ẹ̀wọ̀n gbére ni. 1680 ló kú sí ẹ̀wọ̀n Pignerol. Ẹni tó ya àwòrán ilé rẹ̀, ẹni tó kùn ún àti ẹni tó gbin ọgbà rẹ̀, ọba kó wọn lọ sí ààfin tirẹ̀ ní Versailles.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìwé náà dùn, mi ò ní tà á. Ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé lójú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀kan nínú báírò yẹn ò tiẹ̀ kọ.