Tìróò ojú mọ́tò: ohun tí mo fi sí iná iwájú Corolla mi, àti ohun tí mo tú kúrò

Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò fún mi ní wàhálà. Ojú rẹ̀ ló ń kó ìtìjú bá mi. Gíláàsì iná iwájú méjèèjì ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá jà. Tí mo bá ṣíwọ́ ní Marina lálẹ́, tí mo gun Third Mainland, iná mi ò ju ti àtùpà lọ. Afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8! Mi ò tilẹ̀ kí í là á já tán kí n tó sọ̀ ní Adékúnlé lọ sílé ní Ṣómólú, síbẹ̀ àdúrà ni mo fi ń wa mọ́tò.

Mo wá ní n óò tún un ṣe, n óò sì fi ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ kún un. Nǹkan mẹ́fà ni mo náwó lé lórí láàárín oṣù mẹ́ta. Mẹ́ta ló ṣì wà lára mọ́tò náà lónìí.

Méjì nínú àwọn tó ti lọ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èkíní ni ike dídán bíi fàdákà tí wọ́n ń lẹ̀ yí etí iná ká. Mọ́tò mi ò ní dídán púpọ̀ níbòmíràn, ó wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó so ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó mọ́ ọrùn. Oòrùn mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ́ lọ́sẹ̀ kejì, igun kan ṣí, ó sì ń súfèé tí mo bá sáré. Èkejì ni rọ́bà dúdú tí wọ́n ń fi bo gíláàsì iná kí ó lè dà bíi pé mọ́tò wọ awò oòrùn. Ó wuyì lọ́sàn-án. Alẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi wà á. Táyà mi ló kọ́kọ́ rí kòtò kí ojú mi tó rí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ tán tí mo fi bó o.

Gílóòbù LED ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ladipo ni mo ti rà á, ní Mushin, mo sọ̀ ní Toyota Bus Stop, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹni tó bá mọ Ladipo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ò ní tíì balẹ̀ tí wọn á ti máa bi ọ́ pé kí lo ń wá. Ẹ mọ nọ́ńbà gílóòbù yín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Corolla ti Amẹ́ríkà, láti 2003 dé 2008, 9006 ni iná dímù rẹ̀, 9005 ni ti fúlù. Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí gílóòbù fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ra èyí tó bá wà nílẹ̀, ríwáyà á sì fi ọ̀bẹ gé eyín ìdí rẹ̀ kó lè wọlé tipátipá.

₦22,000 ni mo ra méjì. Wọ́n kọ 6000K, nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, sí ara páálí rẹ̀, wọ́n tún kọ ọ́ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti gílóòbù lásán. Ẹni tó ń tà á so ó mọ́ bátìrì níṣojú mi, ó tàn wàà, omi bọ́ lójú mi. “Ọ̀gá, ẹ ti rí i fúnra yín,” ló wí. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Gílóòbù tó ń ta èèyàn lójú nínú ṣọ́ọ̀bù ò tíì sọ ohunkóhun nípa ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa balẹ̀ sí lójú títì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rò pé mo ti jọba. Gbogbo ògiri àdúgbò wa funfun báláú, mò ń rí bàákóònì àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. (Kí ni mo fẹ́ fi bàákóònì ṣe?) Àfi bí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń bọ̀ níwájú ṣe dúró gbagidi láàárín ọ̀nà, tó fi ọwọ́ bo ojú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa fúlù yín! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú ni?” Dímù ni mo tàn o. Lọ́jọ́ kejì lórí afárá, gbogbo ẹni tó bá wà níwájú mi ló ń yí díńgí rẹ̀ sókè, wọ́n sì ń yà fún mi bí ẹni ń yà fún wèrè. Èmi fúnra mi, iwájú táyà mi mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán, níbi tí ewu ti ń bọ̀, ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá ríwáyà kan ní Fádéyì ló là mí lójú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan iná náà. “Ṣé o rí abọ́ tó ń dán nínú yẹn? Abọ́ yẹn ló ń kó ìmọ́lẹ̀ dà sí títì. Ibi tí okùn tó ń gbóná nínú gílóòbù àtijọ́ wà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Tí o bá ti gbé ìmọ́lẹ̀ kúrò níbẹ̀, bó ṣe díẹ̀ tó, abọ́ ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.” Ó fi hàn mí pé ojú méjì ni LED mi ní, àti pé ńṣe ni ẹni tó fi í sí i jẹ́ kí ọ̀kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sílẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ló yẹ kí wọ́n kọjú sí, bí ọwọ́ aago ní mẹ́ta àti mẹ́sàn-án. Ó yí i. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ náà ṣì ń fọ́n káàkiri.

Òjò ló wá parí ẹjọ́. Rọ́bà róbótó kan wà ní ìdí gílóòbù 9006 tó ń dí ihò kí omi má wọlé. Ti LED mi tín-ín-rín bí okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Òjò ńlá kan rọ̀, nígbà tó di àárọ̀ iná ọ̀tún ti ń làágùn nínú. Òjò yìí kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí mi ò fi ní ra ìmọ́lẹ̀ tó yà sí búlúù mọ́. Gílóòbù lásán wà ní nǹkan bí 3200K, ó pọ́n díẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń lọ sókè ló ń di funfun, tó bá fi máa dé 8000K, búlúù ni. Nínú òjò, ti èmi ń ta padà sí mi lójú, mi ò rí ìlà títì rárá. Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí pé kò kú títí mo fi tú u. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ní iná projector, èyí tó ní awò róbótó bí ojú bọ́ọ̀lù nínú, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lè yàtọ̀, torí àwo pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ń gé ìmọ́lẹ̀ kó má bàa ròkè.

Ẹ̀ṣọ́ gangan ni LED tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ bí rọ́bà, ₦7,000 fún méjì. Ó ń tàn funfun. Tí o bá tan tìráfíkétọ̀, ó di ìyeyè, ó sì ń sáré láti ìkángun kan dé èkejì. Ríwáyà tó kọ́kọ́ bá mi ṣe é lẹ̀ ẹ́ sókè iná bí ìpéǹpéjú. Eyín ló fi bó wáyà, sẹ́lótéèpù ló fi dì í, ó so ó tààrà mọ́ bátìrì pẹ̀lú súwíìṣì kékeré lábẹ́ sítíárì. Àbúrò mi yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku kí ẹ gbé àga àti tábìlì síta, kí wọ́n máa sun súyà níwájú ẹ̀.” Mo bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan mo gbàgbé láti pa súwíìṣì náà. Mo dojú mọ́tò kọ ògiri, ẹnikẹ́ni ò rí i. Ní àárọ̀ Ajé, mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò ò dáhùn.

Ìyá ìyá mi máa ń lé tìróò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ ojú, ó parí. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó lé nǹkan kan, ẹ kàn máa rí i pé ojú rẹ̀ dá ṣáká. Mo sọ èyí fún bàbá Fádéyì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yé e. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó gbé e wá sí ìsàlẹ̀ iná, sínú àlàfo tó wà láàárín iná àti bọ́ǹpà, tó jẹ́ pé tí kò bá tàn ẹ ò ní rí i. Ó gba iná rẹ̀ láti ibi fíúsì kan tó jẹ́ pé àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn ló ń ṣiṣẹ́, ó sì fi fíúsì kékeré tiẹ̀ sí i. Mo ní kó má so wáyà tìráfíkétọ̀ rárá. Ó ṣì máa ń sáré kẹ́rẹ́ tí mo bá kọ́kọ́ ṣí mọ́tò, kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn. Ìràwọ̀ mẹ́rin. Mo tún rí ẹnì kan ní Yaba tó lẹ irun ìpéǹpéjú oníke mọ́ iná Beetle, ó sì yẹ ẹ́, torí iná Beetle róbótó bí ojú ènìyàn. Ẹ má dán an wò lára Corolla.

Àwọn méjì tó kù ò dà bí ẹ̀ṣọ́, síbẹ̀ àwọn ló jẹ́ kí mọ́tò mi dà bíi pé ó jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú nǹkan. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì náà, tí kì í ṣe gíláàsì rárá: ike ni, polycarbonate, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì fi nǹkan bò ó lójú kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́. Ohun tó bò ó yẹn ló ṣí tí ó fi pọ́n. Mo ti fi ọṣẹ ìfọyín pa á rí. Ó dán fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi sáńdípépà 800 bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 1500, 2000, pẹ̀lú omi, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ pólíìṣì í. ₦10,000. Ẹni tó ṣe é bi mí bóyá kí òun fín kílíà sí i, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, ₦5,000 lórí ìyẹn. Mo gbà, torí láìsí i, oòrùn Èkó á tún jẹ ẹ́ padà láìpẹ́. Oṣù méje rèé, ó ṣì dá bí omi. Ekuru kan há sábẹ́ kílíà ti òsì, èmi nìkan ló ń rí i.

Ìkejì: gílóòbù lásán, 55W, àti rìlée méjì, ìyẹn súwíìṣì tó ń fi iná kékeré ṣí iná ńlá. Bàbá náà fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú mi. Bátìrì ń gbé fóòtì 14.1, ìdí gílóòbù ń gba 11.6; wáyà ogbó ti jẹ ìyókù lójú ọ̀nà. Ó fa wáyà tuntun láti bátìrì, ó fi fíúsì sí i, rìlée ló wá ń ṣí i. Ìdí gílóòbù di 13.7. ₦14,000 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ìràwọ̀ márùn-ún, mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á fẹ́ ta 100W fún yín dípò èyí. Ẹ má gbà, ó ń yọ́ ike ìdí gílóòbù.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ a tún iná náà dojú kọ ibi tó yẹ. Mo gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ògiri ọgbà wa, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí gíga iná mọ, mo sì ń fi sùkúrúdíráfà yí i títí orí ìmọ́lẹ̀ fi wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà. Láti ìgbà náà, oníkẹ̀kẹ́ kankan ò tíì ké mọ́ mi.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì náà ṣì wà lára ògiri. Bàbá onílé ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì ta ló ń kọ nǹkan sára ilé òun. Mo ní bóyá àwọn ọmọdé ni.