Perriand ní Les Arcs: èyí tó yà, èyí tó ṣà, èyí tí wọ́n tún ń ṣe

Bí ilé àfihàn bá kó iṣẹ́ ọjọ́ alẹ́ Charlotte Perriand (1903–1999), ayàwòrán ilé àti àga ọmọ ilẹ̀ Faransé, síta, Les Arcs ni púpọ̀ nínú ẹrù náà ti ń wá, ibùdó eré yìnyín lórí òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láti 1967 di àwọn ọdún 1980. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ iye owó wọn ò gbọdọ̀ dọ́gba.

Orí àga aláwọ ni owó ti ń ṣòfò jù. Páìpù irin dídán ni egungun rẹ̀, awọ nínípọn ni wọ́n nà sí i. "Àga Perriand" ni àwọn oníṣòwò ń pè é, ṣùgbọ́n Perriand kọ́ ló yà á. Ó ṣà á fún àwọn yàrá Les Arcs ni. Ilé iṣẹ́ Dal Vera ní Ítálì ni wọ́n sábà máa ń kà á sí lọ́wọ́. Bí ìwé àga náà bá ní Perriand ló yà á, ẹ béèrè ẹ̀rí kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ dojú àga náà bolẹ̀, kí ẹ wo ibi tí awọ ti yí páìpù ká: ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán, kò sì sí ìpara tó lè pa sísán awọ dé. Awọ tó kàn rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Èyí tí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀ dára láti jókòó lé, àmọ́ ẹ má san owó ògbólógbòó lé e.

Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Perriand ló yà á lóòótọ́, kí Les Arcs tó dé pàápàá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Berger ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 27, èyí tí wọ́n ń pè ní Méribel tó bíi 38. Cassina, ilé iṣẹ́ àga ní Ítálì, ń ṣe méjèèjì lónìí, pẹ̀lú àmì ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà lára igi. Ti àtijọ́ kì í sábà ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì àti ìtàn ibi tó ti wá ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ojú igi bá mọ́ kedere, tí etí rẹ̀ sì mú ṣáṣá, sáńpépà ti kọjá níbẹ̀, iye rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ wò: yàrá tó gbóná tó sì gbẹ máa ń sún igi kì, ẹsẹ̀ á sì máa yẹ̀. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ihò kòkòrò tí ìyẹ̀fun tuntun ń jáde níbẹ̀ ni kí ẹ sá fún.

Fìtílà ara ògiri CP1, irin kíká tó ní ìbòjú tó ń yí, ni a lè sọ kíá. Wáyà àtijọ́ ò ṣeé fọkàn tán: ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú èyí tí wọ́n yọ. Bí ọ̀dà bá kún ojú ibi tí irin ti ká, wọ́n ti tún un kùn. Ẹni tó kàn fẹ́ fi kàwé lálẹ́, èyí tí Nemo, ilé iṣẹ́ fìtílà, ń ṣe nísinsìnyí tó o.