Abọ́ ìrèké, abọ́ fóòmù àti ewé: ohun tí ojú mi rí ní bùkà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí: abọ́ tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe yìí dára, mo ṣì ń rà á, mi ò sì ní padà sí fóòmù mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ló ṣeé bù sínú rẹ̀, òun kọ́ ló sì dín ìdọ̀tí bùkà mi kù jù.

Àdúgbò Under G, nítòsí yunifásítì LAUTECH, ni mo ti ń tajà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà àti mọ́ínmọ́ín là ń sè lójoojúmọ́, a sì máa ń gba iṣẹ́ òde lópin ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, wọn kì í sì í jókòó jẹun. "Mọ̀mí, ẹ bá mi dì í," lọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ohun tí a fi ń dì í ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Abọ́ fóòmù funfun tí gbogbo wa mọ̀ yẹn fúyẹ́, ó pọ́ọ́kú, oúnjẹ kì í sì í tètè tutù nínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá fẹ́ ẹ títí tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjì díẹ̀ fi ń gbé e kiri àdúgbò. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ wo ojú gọ́tà, òun ni ẹ máa rí tó dí i. Ẹni tó bá sì ti sun ún lẹ́yìnkùlé rí mọ irú èéfín dúdú tó máa ń rú. Tìlera tún wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná tó lóròóró máa ń mú kí fóòmù rọ̀, kẹ́míkà tó ń jẹ́ styrene sì lè ti ibẹ̀ wọ inú oúnjẹ. Ní ọdún 2018, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kó styrene mọ́ àwọn ohun tó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024, mo sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé a ò ní dúró kí òfin wá bá wa nílé ká tó wá nǹkan ṣe sí i.

Bí mo ṣe dé ìdí abọ́ ìrèké nìyẹn. Nílé iṣẹ́ ṣúgà, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fún omi inú ìrèké tán, pàǹtí gbígbẹ tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń lọ̀, tí wọ́n á pò mọ́ omi bí ògì, tí wọ́n á sì fi ooru tẹ̀ mọ́ra di abọ́. Kò sí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kankan lára èyí tí mò ń rà. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kó o ní páálí-páálí.

Ìrẹsì bá a mu gan-an. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹran díndín, ẹ̀wà tó ki, kò sí èyí tí kò gbà. Mo bu ọbẹ̀ ata olóròóró sínú ọ̀kan látorí iná, mo gbé e ka orí pépà funfun, mo sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí abọ́ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òróró ò kan pépà. Dòdò gan-an kì í tètè rọ̀ nínú rẹ̀ bí í ṣe máa ń rọ̀ nínú fóòmù, torí pé abọ́ náà ń fa díẹ̀ lára omi tí ooru ń sọ sí i. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ń tètè tutù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ síbi tó jìn á mọ̀ ọ́n lára.

Ọbẹ̀ ṣíṣàn ló máa ń bà á jẹ́. Ìdérí rẹ̀ kì í há. Àkẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú gun ọ̀kadà lọ sí Adéníkẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ sì dà sí i láṣọ kó tó délé. Ó padà wá fi hàn mí, inú mi ò sì dùn rárá, torí aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí kíláàsì ni. Láti ìgbà náà, mi ò bu ewédú sínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà.

Ẹ tún ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ń kó o sí. Lásìkò òjò, páálí tó bá kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì á fa omi, abọ́ inú rẹ̀ á sì bu. Orí pákó ni tèmi ń wà. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì owó fóòmù lọ, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀ ń tàn yín ni. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà á fún mi: ṣé wọ́n fi PFAS sí i? Kẹ́míkà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi sínú irú abọ́ yìí kí òróró má baà là á já ni, kì í sì í tán bọ̀rọ̀ nínú omi, nínú ilẹ̀ tàbí nínú ara ènìyàn. Ní ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé wọn ò ta àwọn PFAS tó ń lé òróró yìí mọ́ fún ohun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ lọ́hùn-ún. Oníṣòwò tí kò bá lè mú ìwé ilé iṣẹ́ jáde láti fi dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí a bá lò tán, a máa ń ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a sì ń kó o mọ́ èèpo iṣu àti ìgbẹ́ màlúù nínú kòtò lẹ́yìn bùkà. Ọmọ àgírì kan ní LAUTECH ló ní ká máa wọ́n omi sí i, ká sì máa yí i. Nígbà tí òjò fi wọlé dáadáa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ajílẹ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn jù ú sí títì nítorí pé wọ́n ní ó ń jẹrà. Kó tó jẹrà, yóò kọ́kọ́ dí gọ́tà.

Àwọn ọjà méjì kan tún wà tí wọ́n gbé wá bá mi tí mi ò rà. Àkọ́kọ́ ni ife mímọ́ gaara tí wọ́n ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe, PLA. Ṣóbò tútù dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ gbígbóná á ká a kò. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ooru bí ìwọ̀n 60 Celsius mú kí ìdọ̀tí jẹrà nìkan ló lè mú kó jẹrà tán, a ò sì ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Èkejì ni ọ̀rá kan tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń jẹrà fúnra rẹ̀. Wọ́n ti po nǹkan mọ́ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kó lè máa fọ́ wẹ́wẹ́, ọ̀rá ló sì máa ń jẹ́ títí. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n má tà á mọ́ láti ọdún 2021.

Fún mọ́ínmọ́ín àti iyán, kò sí ohun tí mo rí tó dà bí ewé eéran. Ọ̀dọ̀ ìyá eléwé kan ní Ọjà Igbó ni mo ti ń rà á. Ó gba ooru, oúnjẹ ń ta sánsán nínú rẹ̀, ewúrẹ́ tó bá sì jẹ ẹ́ kò ní kú. Kì í ṣe bí ọ̀rá tí àwọn alápatà máa ń bá nínú ikùn ẹran. (Ewé yìí kan náà ló ń so èso tí wọ́n ti ń yọ thaumatin, ohun tó dùn ju ṣúgà lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po. A kàn ń fi í pọ́n mọ́ínmọ́ín ni.) Ó máa ń gbówó lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fífọ̀ rẹ̀ sì gba ọwọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ro owó ọ̀rá àti owó abọ́ pọ̀, ewé ló ń gbè mí jù.

Ohun tó wá dín ìdọ̀tí wa kù jù lọ ò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí a rà. A kì í fi ṣíbí rọ́bà sí oúnjẹ mọ́ àyàfi tí ènìyàn bá béèrè, torí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ṣíbí nílé. A ò fi ọ̀rá méjì di oúnjẹ kan mọ́. Ẹni tó bá gbé kúlà tàbí abọ́ tirẹ̀ wá, à ń yọ owó abọ́ fún un, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ní òde, mo máa ń gba onínàáwó nímọ̀ràn pé kó rẹ́ǹtì abọ́ tánganran, kó sì san owó àwọn tó máa fọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń kọ̀, àwọn mìíràn ń gbà, àpò ìdọ̀tí tí à ń kó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó gbà kì í sì í tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ìdérí ló kù. Mo ti bẹ oníṣòwò mi ní Ìbàdàn pé kó wá abọ́ ìrèké tí ìdérí rẹ̀ ń há. Ẹ̀yin alásè ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ rà ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀yọ́, tí gbẹ̀gìrì ò sì dà nínú rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rà á fún mi.