pfifo àti bfifo ti Linux: mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi limit sílẹ̀ bó ṣe wà

Nínú gbogbo qdisc tó wà lórí Linux (ìyẹn ètò tó ń to pákẹ́ẹ̀tì, ègé dátà, sórí ìlà kí wọ́n tó jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), pfifo yìí làwọn èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, mi ò sì rò pé ó tọ́ sí i. Pákẹ́ẹ̀tì tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ jáde, tí ìlà bá ti kún, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á dà nù, ó parí. Kò sí kíláàsì (ẹ̀ka tí wọ́n ń pín pákẹ́ẹ̀tì sí), kò sí fíltà, ó sì fúyẹ́ gan-an. Ẹ tẹ `tc qdisc add dev eth0 root pfifo limit 100`, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn (eth0 ni orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Tẹ́ ẹ bá wá tẹ `tc -s qdisc show dev eth0`, ẹ máa rí iye tó ti dà nù níwájú dropped, backlog sì ni èyí tó ṣì ń dúró.

Limit yẹn, ìyẹn iye pákẹ́ẹ̀tì tí ìlà lè gbà, òun gan-an ni wàhálà ẹ̀. Tẹ́ ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, txqueuelen, ìyẹn gígùn ìlà tí wọ́n ti ṣètò fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ló máa lò, èyí sì sábà máa ń jẹ́ 1000 lórí ethernet. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì 1000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1500 byte, 12,000,000 bit nìyẹn. Lórí láìnì 1 Gbit/s, 12 ms ló máa fi tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n lórí láìnì tí upload ẹ̀ ò ju 1 Mbit/s lọ, sẹ́kọ́ńdì 12 ni o! Ẹnì kan á máa fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí kọ́ọ̀lù á wá máa kígbe hẹ́lò, hẹ́lò, ohùn ẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìlà. Bufferbloat (ìdádúró tí ìlà tó gùn jù ń fà) tí Jim Gettys, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan, ti ń pariwo ẹ̀ láti bíi 2010 nìyẹn.

Torí náà, lórí láìnì tí ò yára, bfifo ni mo fara mọ́. Lójú pfifo, ACK tín-ín-rín (èsì kékeré tó ń sọ pé dátà ti dé) àti pákẹ́ẹ̀tì 1500 byte ọgbọọgba ni wọ́n, bfifo ní tiẹ̀ byte ló ń kà, èèyàn sì lè mọ bí ìdúró ṣe máa pẹ́ tó. Limit 12500 lórí 1 Mbit/s, 100 ms ni, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ tí eth0 yín bá ń sáré ní 1 Gbit/s lọ sínú módẹ́ẹ̀mù tó lọ́ra, inú módẹ́ẹ̀mù ni ìlà á ti gùn, tiyín á ṣófo, gbogbo limit tẹ́ ẹ ṣètò ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi HTB, qdisc míì tó ń díwọ̀n ìyára, dín ìyára kù sí ìsàlẹ̀ ti láìnì náà. Kódà HTB fúnra ẹ̀, pfifo ló máa ń fi sábẹ́ kíláàsì tẹ́ ò bá yan nǹkan míì fún un, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó láìmọ̀.

Ibi téèyàn púpọ̀ bá ti jọ ń lo láìnì kan, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi pfifo tàbí bfifo síbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń fa dáúnlóòdù ńlá máa gba gbogbo ìlà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, fq_codel, qdisc míì tó ti wà nínú Linux látìgbà 3.5 ní 2012 ló mọ bó ṣe ń pín in. Kíláàsì tó jẹ́ ohùn nìkan ló wà fún ni mo máa ń fi fifo sí, pẹ̀lú limit kékeré, pfifo_head_drop ló sì dáa jù níbẹ̀, torí èyí tó ti pẹ́ jù lórí ìlà ló ń jù nù, ohùn tó ti pẹ́ kò sì wúlò fẹ́ni tó ń gbọ́ mọ́.