Lẹ́ǹsì Àtijọ́ Olówó Pọ́ọ́kú: Èwo Ló Dára, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Bí lẹ́ǹsì kámẹ́rà 50mm àtijọ́ (òǹkà mm ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó) tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa fókọ́ọ̀sì rẹ̀ bá ṣì mọ́ nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tú u bà jẹ́, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀, àwòrán rẹ̀ á dára ní f/5.6 (òǹkà f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó; bó bá ṣe kéré sí ni ihò náà ń fẹ̀ sí). Ì báà jẹ́ Pentax, Minolta, Canon tàbí èyí tó wá láti Soviet. Torí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé èwo ni kóun rà, èmi náà á bi í pé èwo ló rí tó ṣì pé. Ara lẹ́ǹsì ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó wo orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe àìdára ló mú kí 50mm dínwó. Láàárín nǹkan bí ọdún 1960 sí 1990, òun tàbí 55mm ni wọ́n sábà máa ń tà mọ́ kámẹ́rà fíìmù, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lọ jàra. Iṣẹ́ inú rẹ̀ náà kì í ṣe tuntun. Paul Rudolph ló gbé ètò dígí tí wọ́n ń pè ní Planar kalẹ̀ fún Zeiss, ilé iṣẹ́ lẹ́ǹsì ní Jámánì, ní 1896, àwọn tó sì ṣe 50mm lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yẹn: dígí 6 tàbí 7, apá kan níwájú, apá kan lẹ́yìn, ihò ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn.

Tọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì (ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) pátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú, kí ẹ máa dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Erùku á hàn. Kò sí lẹ́ǹsì tó ti pé ogójì ọdún tí erùku kò sí nínú rẹ̀; ẹ má dá a lóhùn, kì í hàn nínú àwòrán. Afẹ́fẹ́ kéékèèké tó há sínú dígí láti ilé iṣẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni dígí tó ti bu: fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ló ń fà á. Bó bá pẹ́, á jẹ ohun tí wọ́n fi kun ojú dígí, nínù kò sì ní lè dá ìyẹn padà.

Kùrukùru ló wá ń tan olùrà jẹ jù. Lójú lásán, dígí á dà bíi pé ó mọ́. Ìgbà tí tọ́ọ̀ṣì bá wọ̀ ọ́ lẹ óò tó rí i pé inú rẹ̀ ti di funfun. Àwòrán tí irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ bá yà kì í dúdú níbi tó yẹ kó dúdú. Ẹ wo etí dígí náà dáadáa: bí àwọ̀ òṣùmàrè bá ń tàn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ dígí méjì pọ̀ ló ti ń tú. Àtúnṣe ìyẹn máa ń ju owó lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ojú ibi tí nǹkan ti ha dígí iwájú díẹ̀ kì í hàn. Èyí tó wà lẹ́yìn, lápá sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà), ni kí ẹ sá fún. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ̀, tó ń sọ pé "ó dà bí tuntun" ṣáá, ti dá yín lóhùn.

Lẹ́yìn dígí, ó ku irin. Ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá le, gírísì ló ti gbẹ, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Bó bá ń mì lọ́wọ́, tàbí tó ń ta gìjà níbì kan, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti tú u tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kígbe lórí epo tó wà lára ewé irin inú ihò ìmọ́lẹ̀. Lórí kámẹ́rà fíìmù, ẹjọ́ ńlá ni, torí ewé náà gbọ́dọ̀ pa dé kíákíá nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Lórí mirrorless, kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí ìwojú nínú, ibi tí ẹ bá yí ihò sí ló máa dúró sí, ìlọ́ra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa yín lára, bí epo náà kò bá ṣáà tíì kan dígí. Mo ti ra irú rẹ̀ ní ẹ̀dínwó tó jọjú nítorí epo yìí nìkan.

Helios 44-2, lẹ́ǹsì Soviet kan, ni gbogbo ayé ń pariwo. 58mm f/2 ni, wọ́n sì gbé e ka lẹ́ǹsì Biotar tí Carl Zeiss ṣe ní Jena, ní Jámánì. Ó wúwo lọ́wọ́, ewé irin 8 ló wà nínú rẹ̀, òrùka méjì ló sì ń darí ihò ìmọ́lẹ̀: ọ̀kan fún yíyan òǹkà, èkejì fún ṣíṣí àti pípadé láìta kọ́ níbì kankan. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń rà á ni ẹ̀yìn àwòrán tó máa ń yí po mọ́ ẹni tí à ń yà. Kì í ṣe idán. Ara lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló ń gé lára ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí àmì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn tó yẹ kó rí roboto fi ń di pẹlẹbẹ bó ṣe ń sún mọ́ etí. Kó tó hàn, ẹni náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ewé igi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá wà ní mítà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wà ní f/2. Sẹ́ńsọ̀ APS-C, tó kéré ju ojú fíìmù lọ, máa ń gé etí àwòrán kúrò, etí yẹn gan-an sì ni yíyí náà wà. Ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé Helios àwọn kì í yí, sẹ́ńsọ̀ wọn ló kéré. Bí oòrùn bá kọjú sí i, àwòrán á di funfun, dúdú á di àwọ̀ eérú. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó.

Super-Takumar 55mm f/1.8 ti Pentax ló wù mí jù láti dì mú. Mi ò tíì rí lẹ́ǹsì ìgbàlódé tí òrùka fókọ́ọ̀sì rẹ̀ dùn ún yí tó bẹ́ẹ̀. Ní f/1.8, àwòrán rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ní f/4, ó mú féléfélé. Thorium, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, wà nínú dígí àwọn kan lára wọn, ó sì máa ń mú kí dígí náà pọ́n rúsúrúsú bó bá dàgbà. Ẹ gbé e sórí bébà funfun kí ẹ wo inú rẹ̀, ẹ óò mọ̀. Ẹ má torí ìyẹn fi í sílẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, tàbí oòrùn ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, máa ń mú un wálẹ̀. Ẹ ṣáà dí ìdí rẹ̀ kó má baà kó oòrùn jọ sójú kan, kó dáná sun nǹkan. Ìtànṣán tó ń ti ara rẹ̀ jáde kéré. Ẹ má ṣáà fọ́ dígí náà tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́.

Minolta MD 50mm f/1.7 kò ní ìtàn kankan tó ń mú un gbajúmọ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó ṣì dínwó. Ó fúyẹ́, ó ń gba oòrùn mọ́ra ju Helios lọ, bí ẹ bá sì dín ojú rẹ̀ kù, àmì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn á ní igun mẹ́fà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo máa ń júwe fún.

Ẹ kíyè sí i kí ẹ tó pe lẹ́ǹsì kan ní jákujàku. Ní f/1.7, bí ẹni tí ẹ ń yà bá wà ní mítà kan, ibi tó máa mú féléfélé kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá. Àwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń júwe ibi tó mú kì í sòótọ́ pátá nígbà tí ojú lẹ́ǹsì bá ṣí báyìí. Ẹ fẹ àwòrán lójú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá nǹkan tó jìnnà, bí òpó iná tàbí orí ilé, kí ẹ yà á ní f/2.8, kó wà ní igun kan, ẹ tún un yà ní igun kejì, títí dé ẹ̀kẹrin. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rọ̀ bákan náà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí ọ̀kan bá rí bàìbàì nígbà tí mẹ́ta mú, nǹkan kan ti wọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ pààrọ̀ adápítọ̀ (òrùka tó so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà). Adápítọ̀ tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń ba lẹ́ǹsì tó dáa lórúkọ jẹ́.

Àwọn 28mm àti súùmù àtijọ́ tó dínwó, mi ò kì í sún mọ́ wọn. Etí wọn sábà máa ń rọ̀, inú súùmù sì kún fún dígí tí kùrukùru lè jókòó sí. 135mm f/3.5 tàbí f/2.8 yàtọ̀ o: dígí 4 tàbí 5 péré ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò ṣòroó ṣe, àwọn èèyàn kì í sì í dù ú. Ẹ lè rí èyí tó mú dáadáa ní owó tí kò tó nǹkan.

Ó ku ẹnu lẹ́ǹsì, ibi tó ti ń wọ kámẹ́rà. Ẹnu M42, irú èyí tí à ń yí wọlé bíi skúrù, tó wà lára Helios àti Takumar, gbọ́dọ̀ jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ ní mílímítà 45.46. Ti kámẹ́rà Sony E jẹ́ 18, ti Nikon Z jẹ́ 16, àyè wà fún adápítọ̀ láàárín. Ti Nikon F jẹ́ 46.5, ó ti jìn jù, lẹ́ǹsì náà kò sì ní lè fa fókọ́ọ̀sì dé ọ̀nà jíjìn àfi tí adápítọ̀ bá ní dígí tirẹ̀, dígí yẹn sì sábà máa ń ba àwòrán jẹ́. Ẹni tó ní kámẹ́rà Nikon F, kó wá lẹ́ǹsì Nikon àtijọ́ (Nikkor), kó sì kọ́kọ́ rí i dájú pé irú tó rí kò ní pa ẹnu kámẹ́rà tirẹ̀ lára.