Irúgbìn zucchini tí fáírọ́ọ̀sì kì í tètè borí: bí mo ṣe rí i lóko

Ẹni tó bá ń gbin zucchini, èso kan tó jẹ́ ẹbí elégédé, ní Georgia ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ìgbìn Oṣù Kẹjọ ló le jù. Ìgbà yẹn ni àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní ZYMV káàkiri. Ewé á ká kò, èso á yọ kókó, oníbàárà ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn kòkòrò kò sì ràn án, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń gbà kí kòkòrò yẹn kó àrùn ran ewé. Kí oògùn tó pa á, ó ti ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ tán.

Mo ra irúgbìn F1, ìyẹn àkọ́bí irú méjì tí wọ́n mú pọ̀, tí wọ́n kọ “IR: ZYMV, WMV” sí lára àpò rẹ̀ (fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni WMV), mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú tí kò ní ààbò kankan. Nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ kanlẹ̀, òun ṣì ń so èso tó dán. Àrùn fara hàn díẹ̀ lórí ewé òkè, ohun tí IR sì túmọ̀ sí náà nìyẹn: ó ń dín àrùn kù ni. PRSV, tí òun náà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ò sí lára àpò, ẹ má retí pé yóò kojú ìyẹn.

Irúgbìn mi kì í ṣe irú Freedom II ti ilé iṣẹ́ irúgbìn Asgrow, tí wọ́n fi jíìnì fáírọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1994. Ìyẹ̀fun òdòdó ni wọ́n fi bí tèmi.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an o. Elégédé ilẹ̀ wa kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ‘Nigerian Local’, wà lára àwọn tí agbára láti kojú ZYMV ti wá. Munger àti Provvidenti, onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1987. Elégédé àti zucchini jẹ́ ẹbí, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè gba ara wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni kí wọ́n tó bímọ tó dára. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, ẹni tó ṣe é ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹ̀yìn àpò mi ní n kò gbọdọ̀ tọ́jú irúgbìn, n kò sì gbọdọ̀ fi bí irú mìíràn. Irú àwọn àgbẹ̀ tó ń yọ èso elégédé pamọ́ láti ìran dé ìran ló jẹ́ kí ‘Nigerian Local’ wà. Níbi tí agbára bá ti ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ó yẹ kí àpò sọ ọ́, kí díẹ̀ nínú owó ìwé àṣẹ sì dé ọ̀dọ̀ NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tó ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa.

Fún Oṣù Kẹjọ, ẹ rà á bó tilẹ̀ wọ́n. Fún Oṣù Kẹrin, irú lásán tí ẹ lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ ti tó.