Ìkìlọ̀ o: Wọ́n ń ta dráyà àlòkù tí wọ́n ti pa sẹ́ńsọ̀ ìgbóná rẹ̀ lẹ́nu mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, tí ẹ ń wá dráyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, tí kò wọ́n nítorí pé òtútù ti dé. Àwọn kan ń ta dráyà àlòkù tí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọn ò tún un ṣe o. Ńṣe ni wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i kí ẹ̀rọ náà má baà kọ àmì àìsàn sójú mọ́, wọ́n sì gbé e fún oníbàárà bí èyí tó pé. Ewu iná ni wọ́n ń tà fún yín yẹn.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ilé ṣe ni mò ń ṣe. Àǹtí kan ní ìjọ wa ra ọ̀kan ní £120 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń polówó ọjà lórí WhatsApp àwọn ará wa. Owó ọwọ́ nìkan ló lóun máa gbà, kò sì fún wọn ní rìsíìtì. Níṣojú wọn, ó tan ẹ̀rọ náà, ó yí díẹ̀, ó pa á. Nígbà tí Àǹtí fi máa pè mí, aṣọ ọmọ wọn ti ń jáde pẹ̀lú òórùn ìjóná, bọ́tìnnì oníke tó wà lára rẹ̀ sì ti yọ́.

Mo yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tó yẹ kí thermistor wà, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ mọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, resistor lásán ni mo bá, ẹ̀yà kékeré tó kàn ń dín agbára iná mànàmáná kù, tí kò ju pẹ́ńsì mélòó kan lọ, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Mo yẹ ẹ̀gbẹ́ hítà wò. Wọ́n ti yọ fíùsì tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìgbóná àpọ̀jù, wọ́n fi wáyà pupa kékeré kan so ojú méjèèjì pọ̀. Inú bí mi gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí thermistor bá ṣe ń gbóná sí i ni iye ohm rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́wọ́ tó, ń lọ sílẹ̀. Iye yẹn ni bọ́ọ̀dù ń kà. Tí ìgbóná bá ti tó, á pa hítà, tó bá tún rọlẹ̀, á tan án padà. Resistor lásán kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Kí inú dráyà gbóná débi tí aṣọ ń jó, ohun kan náà ló máa máa sọ fún bọ́ọ̀dù. Fíùsì yẹn ló kù tó lè gba ilé là, torí ó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti kọjá ààlà. Òun náà ni wọ́n ti mú kúrò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojúlówó thermistor kì í sábà ju £20 sí £30 lọ! Nígbà mìíràn pàápàá, sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí òwú ló dí asẹ́ àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa, ó sì lè jẹ́ ibi tí wáyà ti so mọ́ sẹ́ńsọ̀ ló dẹ̀ tàbí tó dógùn-ún. Bí fíùsì bá já, ẹ béèrè ohun tó já a. Ẹni tó bá fi tuntun sí i láì gbá òwú ibẹ̀ kúrò, yóò tún já ni.

Ẹ rántí iná tó jó ní Shepherd's Court ní Shepherd's Bush lóṣù Kẹjọ ọdún 2016. Dráyà nínú fúláàtì kan ló dá a sílẹ̀, ilé alájà 18 sì ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ rẹ táwẹ́lì méjì sómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ gbé e dání lọ. Ẹ ní kí ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín. Ẹni tó bá lóun ò ráyè, ẹ máa bá tiyín lọ. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ kó fi mítà yẹ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wò, kó sì kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ọ̀pọ̀ thermistor máa ń wà ní nǹkan bí 10,000 ohm ní 25°C, àmọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kó di sẹ́ńsọ̀ náà mú sínú àtẹ́lẹwọ́. Nọ́ńbà ojú mítà gbọ́dọ̀ máa rọra sọ̀ kalẹ̀, ó lè bọ́ sí 8,000 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bó bá dúró gbagidi, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Bí mítà bá sì sọ pé kò sí ọ̀nà fún iná láti kọjá rárá, sẹ́ńsọ̀ náà ti já nínú.

Ẹ má fowó ọwọ́ rà á. Tó bá ju £100 lọ, ẹ fi káàdì kirẹ́díìtì san án, torí báńkì náà á jọ bá ẹni tó tà á dáhùn fún un. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà fún oníṣòwò, kí ẹ sì gba gbogbo owó yín, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù. Ẹ pe Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, lórí 0808 223 1133, àwọn ló ń gbé ẹ̀sùn dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn tó ń rí sí i pé oníṣòwò ń pa òfin mọ́. Àǹtí ti pè wọ́n.

Ẹ tún wo orúkọ ara ẹ̀rọ náà. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Whirlpool bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn dráyà kan padà nítorí iná, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2004 àti 2015, tí orúkọ wọn jẹ́ Hotpoint, Indesit, Creda, Swan tàbí Proline. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti rà á lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lónìí, kí ẹ má lò ó títí ẹnìkan á fi tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò.